Eyín Ajá Tó Ń Dààmú Ẹni: Ìfiwéra Àwọn Ibi Ìtọ́jú ní Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni àbúrò mi obìnrin nígbà tí eyín ajá rẹ̀ ti òkè, lápá ọ̀tún, yọ síta tí ó gun èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nílé ìwé sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n mú un lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín. Ẹni tí ó dá wọn lóhùn wo ẹnu rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan, kò ya àwòrán inú eegun (X-ray) kankan, ó ní kí wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì yọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Bí ó bá rẹ́rìn-ín, ẹ óò rí i pé igun ẹnu rẹ̀ lápá ibẹ̀ jìn wọlé díẹ̀, eyín tí ó tẹ̀lé àlàfo náà sì ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ eyín ajá tún kan ọmọbìnrin tèmi ní ọmọ ọdún mọ́kànlá, ọ̀nà mìíràn ni a gbà, ibòmíràn ni ó sì já sí. Nínú ohun tí ojú wa rí lẹ́ẹ̀mejèèjì ni mo ti mọ̀ pé irú wàhálà tí eyín náà ní ni ó yẹ kí ó sọ ẹni tí a óò gbé e lọ bá, àti pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni yọ eyín ajá tí a óò lò dọjọ́ alẹ́ láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ ya àwòrán rẹ̀.

Eyín tí à ń wí

Eyín ajá ni eyín ṣóńṣó tí ó wà ní igun ẹnu. Mẹ́rin ni wọ́n, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti àárín ẹnu, òun ni ẹ̀kẹta lápá kọ̀ọ̀kan. Òun ni a fi ń fa tinkó ya. Nínú gbogbo eyín ẹnu, gbòǹgbò rẹ̀ ni ó gùn jù, ibi tí ó sì dúró sí dà bí òpó igun ilé, nítorí pé òun ni ó gbé ètè àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ró níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ojú fi máa ń yàtọ̀ lára ẹni tí wọ́n bá yọ ọ́ fún.

Ti ìsàlẹ̀ a máa hù ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ti òkè a sì máa pẹ́ títí di ọdún mọ́kànlá tàbí méjìlá. Nígbà tí ti òkè bá fi máa dé, àwọn eyín yòókù ti jókòó sí ààyè wọn. Bí ààyè kò bá tó, yóò gun orí èkejì rẹ̀, tàbí kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó há sínú eegun kí ó má jáde rárá. Yàtọ̀ sí eyín ìkẹyìn tí ó máa ń hù nígbà tí ènìyàn bá ti dàgbà tán, kò sí eyín tí ó ń há bíi ti eyín ajá òkè. Nǹkan bí ẹni méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Kí a má ṣe kà á mọ́ èjí, tí ó wà láàárín eyín iwájú méjèèjì, tí ó sì jẹ́ ẹwà lọ́dọ̀ wa. Èjí kì í ṣe àrùn.

Ohun tí ìka ọwọ́ lè sọ kí a tó kúrò nílé

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, mo mú ọmọ mi jókòó lórí àpótí lẹ́bàá fèrèsé, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi, mo sì fi ìka tọ erìgì rẹ̀ lókè, níta, lápá ibi tí ètè bò. Lápá òsì, mo kan nǹkan líle kan lábẹ́ ẹran, ó rí róbótó bíi kóró àgbàdo. Lápá ọ̀tún, pẹrẹsẹ ni. Eyín ajá ìgbà ọmọdé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kò mì rárá, bẹ́ẹ̀ ni ti òsì ti ń mì. Ìyàtọ̀ yìí ni àwọn dókítà eyín ń wá. Láti bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá ni ó ti yẹ kí ìka máa kan eyín tí ń bọ̀ náà; bí ọmọ bá ti pé ọdún mọ́kànlá tí apá kan ṣì ṣófo, tí èkejì sì ti wú, àsìkò ti tó láti lọ ya àwòrán. Eyín tí ó há kì í sábà dunni, nítorí náà ẹni tí ó bá ń dúró de ìrora yóò dúró pẹ́, eyín náà sì lè máa jẹ gbòǹgbò èkejì rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ̀.

Yíyọ àti dídá sí

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Eyín tí ó yọ síta ni ojú ń rí, òun ni a sì máa ń fẹ́ kí wọ́n yọ. Ṣùgbọ́n bí àwọn dókítà tí ń to eyín bá fẹ́ wá ààyè, eyín kékeré tí ó tẹ̀lé eyín ajá lẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń yọ, wọn a wá fi wáyà fa eyín ajá wá sí ààyè tí ó ṣí sílẹ̀ náà. Ẹni tí ó bá yọ eyín ajá gan-an ti parí iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹni tí ó bá dá a sí yóò fi nǹkan bí ọdún méjì rìn, yóò sì náwó púpọ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé ni ó lè ṣe èkejì. Síbẹ̀, bí kò bá sí owó wáyà, kí eyín náà wà lẹ́nu bí ó ti yọ síta sàn ju kí a yọ ọ́ lọ, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti jẹrà, tí kò sì dunni. Bí owó bá dé lọ́la, a ṣì lè tò ó. Èyí tí a bá ti yọ kì í padà hù.

Ti ọmọdé tí eyín ajá rẹ̀ kò tíì jáde yàtọ̀ sí èyí. Ní ọdún 1988, àwọn onímọ̀ méjì ará Sweden, Ericson àti Kurol, tẹ àbájáde iṣẹ́ wọn jáde lórí àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́tàlá tí eyín ajá wọn ń ṣí lọ sí àjà ẹnu. Eyín ìgbà ọmọdé tí ó wà níwájú rẹ̀ ni wọ́n yọ, wọ́n sì dúró. Nínú eyín 46, 36 padà sí ọ̀nà fúnra wọn. Ìtọ́jú yìí kò le, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n àsìkò ni ó ń fẹ́: ọmọ tí a gbé lọ ní ọdún mọ́kànlá lè jèrè rẹ̀, èyí tí a gbé lọ ní ọdún mẹ́rìndínlógún kò ní lè jèrè rẹ̀ mọ́. Bí ó bá ti pẹ́, iṣẹ́ abẹ ni yóò kù, níbi tí wọ́n ti ń la ẹran tí ó bo eyín náà, tí wọn a lẹ ẹ̀wọ̀n tín-ín-rín mọ́ ọn, tí wọn a sì máa fi wáyà fà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Dókítà aládàáni nínú ìlú àti ilé ìwòsàn ìjọba

Ní Ìlọrin, ẹni tí ó bá ń gbé ní Táńkẹ̀ tàbí ní agbègbè Ọjà Ọba kò ní rìn jìnnà kó tó rí ilé ìwòsàn eyín aládàáni. Àǹfààní rẹ̀ ni pé wọn a fún ẹni ní àkókò pàtó, dókítà kan náà ni a óò máa bá pàdé, a sì lè béèrè ọ̀rọ̀ láìsí pé ogún ènìyàn ń dúró lẹ́yìn wa. Àléébù rẹ̀ ni owó, àti pé àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ kí aláìsàn kúrò lọ́wọ́ wọn kódà nígbà tí iṣẹ́ náà bá ju agbára wọn lọ. Fún eyín ajá tí ó ní ihò, tí ó ṣẹ́ díẹ̀, tàbí tí ìdí rẹ̀ ti jẹ tí omi tútù fi ń mú un kan, ọ̀dọ̀ wọn ni èmi yóò kọ́kọ́ lọ.

Eyín kíkan yìí wọ́pọ̀ lára eyín ajá ju bí a ti rò lọ. Nítorí pé igun ni ó wà, búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò tí a bá fi agbára tì ní ìbú máa ń ha á jù, erìgì a sún sókè, ọrùn eyín a sì jẹ wọlé bí ẹni fi ayùn rẹ́ ẹ. Mo ti rí i lẹ́nu bàbá mi: ilà wọlé níbi tí eyín ti pàdé ẹran, tí èékánná lè bọ́ sí. Dídí ibẹ̀ àti pípàrọ̀ bí a ti ń fọ ẹnu ni oògùn rẹ̀. Kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ yíyọ níbẹ̀.

Bí eyín ajá bá ti jẹrà dé inú, tàbí tí ó dúdú lẹ́yìn tí ènìyàn ṣubú lórí ọ̀kadà, a ṣì lè gbà á là. Dókítà yóò lu ihò kékeré sí i, yóò kó iṣan tí ó ti kú kúrò nínú gbòǹgbò, yóò fọ ibẹ̀, yóò sì dí i pa. Gbòǹgbò eyín ajá òkè kì í sábà ju ẹyọ kan lọ, ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó sì máa ń wà nínú rẹ̀, kò dà bí eyín ẹ̀yìn tí ọ̀nà rẹ̀ máa ń tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nítorí náà dókítà eyín tí ó fara balẹ̀ lè ṣe é dáadáa láìjẹ́ pé a wá akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ lọ sí ìlú mìíràn. Bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí irú eyín bẹ́ẹ̀ ju kí a yọ ọ́ lọ, ẹ lọ gbọ́ ti ẹlòmíràn.

Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ sì ní tirẹ̀. Owó wọn fúyẹ́, ọwọ́ wọn sì ti mọ́ eyín yíyọ, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Èrò a máa pọ̀, ó sì ṣeé ṣe kí dókítà tí ẹ bá lónìí má jẹ́ ẹni tí ẹ óò bá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, nítorí náà káàdì àti ìwé tí wọ́n bá kọ lé yín lọ́wọ́ ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wá síbẹ̀ ni ó ti pẹ́ kí wọ́n tó wá, owó ọwọ́ wọn kò sì tó fún ju yíyọ lọ. Bí yíyọ ṣe wá di ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń dárúkọ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dá eyín náà sí, ẹ tètè sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé abẹ́rẹ́.

UITH, àti ìgbà tí ó yẹ kí a kọjá ibẹ̀

Ilé Ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, UITH, tí ó wà ní ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́, ni ó yẹ fún ohun tí ó bá kan eegun àti iṣẹ́ abẹ: eyín tí ó há, ẹnu tí ó wú, àgbọ̀n tí ó fọ́ nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti àdáni ni pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìṣègùn wà lábẹ́ òrùlé kan. Bí aláìsàn bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, dókítà eyín lè bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ jìn sí àárín ìlú, ètò ìforúkọsílẹ̀ a máa gba àkókò, dókítà tí ń kọ́ṣẹ́ ni ó sì lè kọ́kọ́ wò yín kí ọ̀gá rẹ̀ tó dé. Èmi kò ka ìyẹn sí àléébù, nítorí pé ojú méjì ni ó wo ẹnu ọmọ mi. Ẹ tètè jí lọ, kí ẹ sì mú lẹ́tà dókítà tí ó kọ́kọ́ wò yín dání.

Bí ó ṣe rí fún wa nìyẹn. Dókítà obìnrin kan tí ó ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ nínú ìlú ni ó ya àwòrán kékeré àkọ́kọ́, ó rí i pé eyín náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó sì ní kí a lọ ya èyí tí ó fẹ̀, tí ń fi gbogbo àgbọ̀n hàn. Ó gbé e síwájú iná, ó fi ẹnu bírò tọ́ka sí i: eyín funfun kan tí ó dákẹ́ sínú eegun, orí rẹ̀ dojú kọ àjà ẹnu. Ó ní òun lè yọ ti ọmọdé, ṣùgbọ́n òun yóò kọ lẹ́tà sí UITH kí wọ́n bá òun wò ó kí òun tó ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí wọ́n ti yọ ti ọmọdé náà, a tún ya àwòrán, eyín ti yí orí padà. Nígbà tí ó fi máa pé ọdún kan àti oṣù díẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ ti yọ.

Bí kò bá yí padà ni, wáyà ni ì bá kù. Fún wáyà tí ó díjú, ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn eyín ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ni a lè fi wé ara wọn, nítorí pé ní méjèèjì ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín. Kí ẹ tó yan èyíkéyìí nínú wọn, ẹ ṣírò owó ọkọ̀: oníwáyà ń lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀ ní bí oṣù kọ̀ọ̀kan, fún nǹkan bí ọdún méjì. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ títo eyín ní Ìlọrin, ìsúnmọ́ rẹ̀ tó ìdí láti yàn án, kódà bí owó rẹ̀ bá lé díẹ̀.

Ẹni tí ó wà ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán, ní Èrúkù

Ní gúúsù Kwara, ibi tí a óò lọ kò pọ̀, nítorí náà ìfiwéra wa yóò jẹ́ láàárín ìrìn àti ìdúró. Ẹ fi fóònù béèrè ọjọ́ tí dókítà eyín máa ń wà kí ẹ tó wọkọ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ó ń wà ní ilé ìwòsàn tí kò tóbi. Ohun tí ó bá jẹ́ dídí tàbí fífọ, ẹ ṣe é nítòsí. Ohun tí ó bá jẹ́ ti eyín tí ó há, ẹ máa bọ̀ ní Ìlọrin láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ó wà lápá Èrúkù àti Òsí súnmọ́ Ìdó-Èkìtì, níbi tí ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà, ó sì lè yá wọn ju Ìlọrin lọ.

Ta ni ó wà nínú aṣọ funfun?

Ní Nàìjíríà, dókítà eyín ní ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ MDCN, ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn dókítà àti dókítà eyín sílẹ̀, ọdọọdún ni ó sì ń tún ìwé náà gbà. Àwọn mìíràn tún wà tí iṣẹ́ wọn níyì, ṣùgbọ́n tí ó yàtọ̀ sí tirẹ̀: àwọn kan ń fọ eyín, wọ́n sì ń kọ́ni ní ìtọ́jú ẹnu, àwọn kan ń ṣe eyín àtọwọ́dá àti wáyà nínú yàrá iṣẹ́. Ìgbìmọ̀ tiwọn náà ni ó ń forúkọ wọn sílẹ̀. Kò yẹ kí ìkankan nínú àwọn méjì yìí dá pinnu pé kí a yọ eyín ajá. Ìbéèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin ni dókítà?" kò ní ìwọ̀sí nínú.

Ti àwọn tí ń ta oògùn akokoro ní ọjà, tí wọ́n ń fi èéfín sí ẹnu ènìyàn tí wọ́n sì ń fi kòkòrò hàn án nínú abọ́ omi, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere: kò sí kòkòrò tí ojú lè rí tí ń jẹ eyín. Kòkòrò àìfojúrí ni ó ń sọ ṣúgà di omi kíkan tí ń jẹ ẹ́. Omi bátìrì tí àwọn kan ń fi sí i a máa bó ẹran ẹnu. Bí ìrora bá sì lọ lẹ́yìn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé iṣan inú eyín ni ó kú. Àrùn ṣì wà níbẹ̀.

Ìdáhùn méjì sí ìbéèrè kan

Ẹ bi dókítà méjì ní ìbéèrè kan náà, kí ẹ sì gbé ìdáhùn wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Báwo ni gbòǹgbò rẹ̀ ṣe rí?" Ọ̀kan yóò fi àwòrán hàn yín, èkejì yóò ní òun ti mọ̀ ọ́n. "Bí a bá yọ ọ́, kí ni yóò dí àlàfo náà, èló sì ni?" Ọ̀kan yóò ṣírò gbogbo rẹ̀ fún yín, èkejì yóò ní ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yọ ọ́ ná. "Bí ó bá ju agbára yín lọ, ta ni ẹ óò kọ̀wé sí?" Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé dókítà tí ó dárúkọ ibi tí yóò fi wá ránṣẹ́ sí láìlọ́ra ni mo lè fi ẹnu ọmọ mi lé lọ́wọ́. Ẹ wo irinṣẹ́ pẹ̀lú: inú àpò tí wọ́n lẹ̀ pa ni ó yẹ kí ó ti jáde lójú yín, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti fi ooru pa kòkòrò ara rẹ̀, kí ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́ sì jẹ́ tuntun. Bí ẹ bá ní ìwé adójútòfò ìlera, ẹ mú un dání, kí ẹ sì béèrè ohun tí ó kárí kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Èyí tí kò ní ìfiwéra

Bí eyín ajá òkè bá jẹrà tí ẹ̀gbẹ́ imú wú, tí wíwú náà sì gòkè dé abẹ́ ojú, tí ara ń gbóná tàbí tí ojú kò ṣí dáadáa mọ́, ẹ má ṣe fi ibì kan wé ibì kan mọ́. Gbòǹgbò eyín náà gùn, ọyún rẹ̀ súnmọ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó gba ìhà ojú lọ sí ọpọlọ. Oògùn tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì lè dín wíwú náà kù fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ la ọyún náà jáde, kí wọ́n sì tọ́jú eyín tàbí kí wọ́n yọ ọ́. Ilé ìwòsàn tí ó bá súnmọ́ yín jù, tí ó ń gba aláìsàn pàjáwìrì, ni kí ẹ gbé e lọ, ní òru náà, láìdúró de ilẹ̀ mímọ́.